Ọdún Terminale: Iye Ẹ̀kọ́ Tí Ọmọ Lè Gbé

Òbí tó kàwé ní Èjìgbò, tó wá ń tọ́ ọmọ ní Treichville tàbí Koumassi ní Abidjan, sábà máa ń fi ojú WAEC wo BAC, ìdánwò àṣekágbá girama ní Côte d'Ivoire. Ní WAEC, ẹ̀kọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni akẹ́kọ̀ọ́ ń forúkọ sílẹ̀ fún, kálukú wọn ló sì ní èsì tirẹ̀, láti A1 dé F9. Krẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá gba A1 nínú bàọ́lọ́jì, tó gba F9 nínú ìṣirò, A1 yẹn kò lè ran F9 lọ́wọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe mẹ́sàn-án lè pàdánù mẹ́rin nínú rẹ̀ kí ọ̀nà má sì dí mọ́ ọn.

BAC kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń dà pọ̀ di ìpíndọ́gba kan ṣoṣo lórí 20. Ẹni tó ní 10 ti yege. Ẹni tó ní 9 kò yege. Kí wọ́n tó dà á pọ̀, wọ́n á ti fi nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní coefficient sọ máàkì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po, kí ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì sí ẹ̀ka tí ọmọ wà lè wúwo ju àwọn yòókù lọ. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè yọ dànù ní Terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀ dáadáa lè gbé èyí tí kò mọ̀ dìde. Nítorí náà, ìbéèrè tí bàbá máa ń béèrè nílé, “Ẹ̀kọ́ mélòó ni kó ṣe?”, ìbéèrè gidi ni ní Nàìjíríà. Ní Abidjan, ohun tó yẹ kó béèrè ni pé: série (ẹ̀ka) wo, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni yóò sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí náà?

Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ilé lèyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, títí tí wọ́n fi ń gbọ́ Faransé láàárín ìlú Èjìgbò fúnra rẹ̀, tí ọkọ̀ sì ń gbéra níbẹ̀ lọ sí Abidjan. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ girama ní Adjamé kó lọ parí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tàbí kí wọ́n gbé e láti Ọ̀ṣun wá sí Adjamé. Ètò ẹ̀kọ́ méjì á wà nínú ilé kan, ẹni tó sì mọ ọ̀kan dunjú lè má mọ ohun tí èkejì ń béèrè. BAC náà kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré. Ní 2022 àti 2023, nínú ẹni mẹ́ta tó jókòó ṣe é ní Côte d'Ivoire, kò tó ẹnì kan tó yege.

Ẹrù ọdún Terminale, ìgbà tí ọmọ ṣì kéré ni wọ́n ti ń dì í. Lẹ́yìn ìdánwò BEPC, ní ìparí Troisième, máàkì ọmọ ni wọ́n fi ń pín in sí Seconde A tàbí Seconde C. Inú Seconde A ni wọ́n ti ń lọ sí A1 àti A2, níbi tí èdè àti filọ́sọ́fì ti wúwo, tí ìṣirò sì ní ìwọ̀n díẹ̀ sí i ní A1 ju A2 lọ. Inú Seconde C ni wọ́n ti ń lọ sí C àti D. Ìṣirò àti físíìsì òun kẹ́mísírì ló ń jọba ní C. Ní D, bàọ́lọ́jì, tí wọ́n ń pè ní SVT, wá jókòó ti àwọn méjèèjì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó bá wọ Première C, kíláàsì tó ṣáájú Terminale, ó ti yan bí òru rẹ̀ yóò ṣe rí fún ọdún méjì.

Ẹ tẹ́tí sí àwọn bàbá níbi ìkómọ tàbí ìgbéyàwó. “C lọmọ mi wà.” Ohùn á lọ sókè. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà ní A á rọra mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wá. Èmi ò rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ òfin ní Université Félix Houphouët-Boigny, kí ló fẹ́ fi C ṣe? Ẹni tó fẹ́ di dókítà, D á gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tó ń wo ilé-ẹ̀kọ́ INP-HB ní Yamoussoukro, tó fẹ́ di ẹnjiníà, tí ìṣirò sì ń dùn mọ́ lẹ́nu bí ìgbà tó bá ń jẹ dòdò, C ni kí ẹ jẹ́ kó lọ. Ìwọ̀nba ọmọ péré ló ń ṣe C lọ́dọọdún tí a bá fi wé àwọn tó ń ṣe A àti D, kò sì sí ìdí tí ọmọ yín fi gbọ́dọ̀ wà lára wọn nítorí orúkọ.

Ohun tó ń tan òbí jẹ ni máàkì. Ọmọ méjì lè gba 13 nínú ìṣirò ní Seconde C. Ọ̀kan ń lo wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ lórí rẹ̀ nílé, ó tún ń ráyè bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta bọ́ọ̀lù. Èkejì ń lo méjìlá, ó sì ń sùn sórí ìwé. 13 náà ni wọ́n máa kọ sínú ìwé èsì àwọn méjèèjì. Ìwé èsì kì í sọ ohun tí máàkì ná ọmọ. Nígbà tí físíìsì bá wá le sí i ní Première, tí filọ́sọ́fì náà yọjú, ọmọ àkọ́kọ́ ṣì ní àyè tó lè fà jáde. Ọmọ kejì ti ná tirẹ̀ tán. Èyí tó yẹ kó lọ sí C nínú àwọn méjèèjì hàn gbangba, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó ń wo ìwé èsì nìkan kò lè mọ̀ ọ́n. Ilé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀sẹ̀ kan fún ọmọbìnrin Terminale D tó ń gbé Abobo, tó ń lọ sílé-ìwé ní Cocody. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Oorun wákàtí mẹ́sàn-án lálaalẹ́ jẹ́ 63. Ó ku 105. Ká ní kíláàsì gba 30. Ó ku 75. Ọkọ̀ gbaka àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ gba wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ìyẹn 10. Ó ku 65. Ìwẹ̀, oúnjẹ, àdúrà, aṣọ fífọ̀, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ìyẹn 21. Ó ku 44. Ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjà Adjamé lọ́jọ́ Sátidé gba 8. Ó ku 36. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéú lọ́jọ́ Sọ́ńdè gba 4. Ó ku 32. Ilé gbígbá, ọbẹ̀ sísè, àbúrò títọ́jú, wákàtí kan lójúmọ́, ìyẹn 7. Ó ku 25, a ò sì tíì mẹ́nu kan fóònù.

Wákàtí 25 yẹn ni Faransé, filọ́sọ́fì, Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn pẹ̀lú jọ́gíráfì, ìṣirò, físíìsì òun kẹ́mísírì, àti SVT máa pín. Bí a bá pín in lọ́gbọọgba, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á gba wákàtí mẹ́ta àbọ̀ àti díẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tí mo lò lè má bá ilé yín mu. Ẹ fi tiyín rọ́pò wọn. Ẹ ó rí i pé kò sí bí a ṣe lè ṣe é kó di 40, àfi tí a bá mú nǹkan kúrò. Ohun tó sì rọrùn jù láti mú kúrò, tí ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí, ni oorun. Ìyá kò ní fẹ́ ká mú ìsọ̀ kúrò, àlùfáà kò ní fẹ́ ká mú ilé kéú kúrò. Oorun kò ní alágbàwí.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà kéde ní 2016 pé ẹni tó wà láàárín ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10 lójúmọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 tún tọ́ka sí ohun tó yẹ kí gbogbo ilé gbọ́. Àwọn olùwádìí láti UCLA ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama 535 ní Los Angeles máa kọ wákàtí ìkàwé àti wákàtí oorun wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ 14. Nígbàkígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gé oorun rẹ̀ kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kó lè kàwé sí i, wàhálà ló sábà máa ń bá ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì: kò ní lóye ohun tí olùkọ́ ń kọ́, tàbí kó ṣe iṣẹ́ tàbí ìdánwò rẹ̀ ní ìdàkudà. Ohun tó sá fún nípa kíkàwé lóru gan-an ló bá pàdé lójúmọmọ.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ohun tí ọmọ kà lójúmọmọ máa ń kọ́kọ́ dúró ní apá kékeré kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hippocampus, níbi tí kò ti lè pẹ́. Nígbà tí oorun bá wọra, ọpọlọ á tún ohun náà sọ fún ara rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí ibi tó máa gbé. Ẹni tó kàwé títí di aago méjì, tó jí ní aago mẹ́rin àbọ̀ kó lè rí gbaka wọ̀, ó dáwọ́ iṣẹ́ yẹn dúró ní àárín méjì. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ìyá kì í gbà gbọ́: láti bí ìgbà tí ọmọ bá bàlágà, melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, máa ń pẹ́ kó tó dé. Ọmọ tó ní oorun kò kun òun ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò parọ́. Àmọ́ ilé-ìwé tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kò mọ ìyẹn. Nescafé tó rà lẹ́bàá ọ̀nà kò tún nǹkan ṣe, nítorí nǹkan bí wákàtí márùn-ún ló máa ń gba ara kí ìdajì kaféènì inú rẹ̀ tó lọ. Ife tó mu ní aago mẹ́sàn-án ṣì wà lára rẹ̀ ní ìdajì ní aago méjì òru.

Bí wákàtí 25 bá jẹ́ 25, bí a ṣe ń pín in ló kù. Coefficient ló ń dáhùn. Ká ní ẹ̀kọ́ kan ní coefficient 4, òmíràn ní 1. Ọmọ tó ti 8 dé 11 nínú ti àkọ́kọ́ fi máàkì 12 kún àpapọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ti 13 dé 16 nínú èkejì fi 3 péré kún un, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé kíkúrò ní 13 lọ sí 16 ló le jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe òdì kejì, nítorí pé ẹ̀kọ́ tó rọrùn fún wọn ló ń wù wọ́n jókòó tì. Ọmọ D á máa ka ìtàn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ó dùn, físíìsì á sì máa wò ó láti ìkángun tábìlì. Ẹ ní kó kọ coefficient gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ara ògiri yàrá. Níwọ̀n bí máàkì ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ nínú BAC, ẹ̀kọ́ tí ọmọ kò lè mọ̀ dáadáa láé kò nílò kó di 14. Kó má ṣáà wó lulẹ̀ ló tó.

Àmọ́ ẹ má gba ìṣirò wákàtí tí ọmọ fẹnu sọ gbọ́, kì í ṣe pé ó ń parọ́ o. Ní 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ ọjọ́ tí àpilẹ̀kọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wọn máa gbà. Wọ́n sọ ọjọ́ 34, tí a bá pín in lọ́gbọọgba. Ọjọ́ 55 ló gbà wọ́n. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rò pé iṣẹ́ ọ̀la á yá ju ti àná lọ. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: aago tó jókòó, aago tó dìde, ẹ̀kọ́ tó kà.

Bí ọmọ ṣe ń kàwé náà tún lè sọ wákàtí díẹ̀ di púpọ̀. Doug Rohrer àti Kelli Taylor gbé ìwádìí kan jáde ní 2007, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò àyè inú oríṣiríṣi ohun. Àwọn kan ṣe oríṣi kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Àwọn yòókù dà wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn àkọ́kọ́ ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n gbà. Àwọn tó dà á pọ̀ gba 63. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke rí ohun tó jọ ọ́ ní 2006: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹrin rántí ìdá 40, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n wá dán ara wọn wò lẹ́ẹ̀mẹta rántí 61. Ọmọ tó ń ka ìwé SVT sókè sódò pẹ̀lú bírò aláwọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́, ó ń ná wákàtí tí kò ní. Kó pa ìwé dé, kó kọ ohun tó rántí.

Ní Cocody, irú BAC mìíràn wà. Àwọn ọmọ tó wà ní Lycée International Jean-Mermoz tàbí Lycée Blaise Pascal ń tẹ̀lé ètò ilẹ̀ Faransé, èyí tó ti fa série L, ES àti S tu. Ní 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe BAC tuntun náà. Àwọn yẹn ń yan lóòótọ́. Ẹ̀kọ́ àyànláàyò mẹ́ta ní Première, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin lọ́sẹ̀. Wọ́n á ju ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n á sì mú méjì lọ sí Terminale, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Coefficient 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 100, ìdajì rẹ̀, 8, ni ti filọ́sọ́fì. Ọmọ tó mú ìṣirò àti físíìsì, tó tún fi maths expertes oníwákàtí mẹ́ta lé e, wákàtí 15 ni ẹ̀kọ́ méjì péré gbà ní kíláàsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ẹnjiníà ló fẹ́ lọ kọ́, ó dára. Bó bá jẹ́ torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un ni, kó jù ú sílẹ̀. Àṣejù wà ní òdì kejì náà: ọ̀pọ̀ ọmọ ju ìṣirò sílẹ̀ pátápátá lábẹ́ ètò tuntun yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Faransé fi dá a padà ní dandan ní 2023 fún ọmọ Première tí kò mú un.

Ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Yopougon kò ní irú ààyè yẹn. Ohun tí òun lè yan ni èyí tí wọ́n ń kó lé e lórí lẹ́yìn ilé-ìwé, ibẹ̀ ni mo sì ti rò pé òbí ní agbára jù. Maître de maison (olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ nílé) ní alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, cours de renforcement (ẹ̀kọ́ àfikún) ní Sátidé, ilé kéú, ìsọ̀. Àwọn òbí kan tún ń fẹ́ kí ọmọ Terminale múra WAEC sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀, bóyá ọ̀nà Nàìjíríà á là. Ẹ má ṣe é lọ́dún Terminale. Ẹ̀kọ́ orí ìwé yàtọ̀, èdè yàtọ̀, ọ̀nà ìdáhùn ìbéèrè yàtọ̀. Kó ṣe é lẹ́yìn BAC. Maître de maison kan tó mọ ìṣirò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wúlò ju ẹni mẹ́ta tó ń kọ́ gbogbo rẹ̀ lọ. Ìsọ̀ ló ṣòro láti fọwọ́ kàn, mo mọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ilé-ìwé ti ń wá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ dá Sátidé padà fún ọmọ náà láti oṣù kẹta títí BAC á fi parí, kí àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n gba ipò rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta wákàtí tó ní.

Bí ẹrù bá ti pọ̀ jù, àmì tí mo máa ń ní kí òbí kọ́kọ́ wò ni ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ràn. Èyí tó kórìíra lè ti burú tipẹ́. Nígbà tí èyí tó fẹ́ràn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, nǹkan ti ṣe. Orí fífọ́ ní gbogbo ọ̀sán, oorun nínú gbaka tó fi kọjá ibi tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀, ìbínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bó bá wá di pé ìbànújẹ́ ò kúrò lójú rẹ̀, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tí oúnjẹ àti oorun rẹ̀ yí padà, tí èyí sì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Seconde C lọ́dún yìí, ẹ má dúró de ìparí ọdún, nígbà tí wọ́n bá ti pín wọn sí C àti D tán. Ẹ lọ rí professeur principal rẹ̀ (olùkọ́ tó ń bójú tó kíláàsì) kí conseil de classe (ìpàdé àwọn olùkọ́ kíláàsì náà) tó jókòó. Ẹ mú ìwé tí ọmọ kọ wákàtí ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ sí dání, pẹ̀lú ìwé èsì. Bí Faransé yín kò bá dán mọ́rán, ẹ mú àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ ọ lọ. Kí ẹ má ṣáà jẹ́ kí wọ́n ṣe ìpinnu náà láìsí yín níbẹ̀.